Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Tíráàkì Íǹṣì Mélòó Ni Kí O Rà Sórí Òkè Yìnyín?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí bí a ṣe ń yan ọ̀kadà yìnyín, ìyẹn snowmobile, níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Denver ní Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àti àyíká rẹ̀ nìyí, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Ibi tí ẹ̀rín ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àbúrò tí ẹ jókòó sẹ́yìn tí ẹ ń tẹ fóònù, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ìmúra ọ̀gìnnìtìn tó ń bọ̀ lọ́nà. Alága, ẹ ṣeun tí ẹ ránṣẹ́ pè mí.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó-orí ni, tàbí ti ọmọ títọ́. Àṣé ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yìnyín ni! Inú mi dùn dé ọrùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, bí ọmọ Yorùbá bá ní òun fẹ́ ra snowmobile, wọ́n á ní kí ìyàwó rẹ̀ máa ṣọ́ ọ tọwọ́-tẹsẹ̀. Lónìí, mo ka èèyàn mẹ́sàn-án nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọ́n ti ra tiwọn. Mẹ́rin nínú wọn ló ti pè mí lálẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, a há o."

Nítorí àwọn mẹ́rin yẹn ni mo ṣe dìde. Èmi fúnra mi ni ẹni karùn-ún wọn, ẹ ó gbọ́ tèmi náà.

Àwọn tí kò mọ̀ mí, iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni mo ń ṣe. Ìwó Road ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ní gbólóhùn kan tí kì í fi sílẹ̀: bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ dé tó ní kò lágbára, ọ̀gá mi á kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lẹ fi ń gbé, ibo lẹ sì ń gbé e lọ?" Kò tíì ṣí bónẹ́ẹ̀tì o. Ìbéèrè méjèèjì yẹn ni mo gbé kọjá òkun, òun náà ni mo gbé wá síbí lónìí.

Ọ̀rọ̀ kìíní: nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe tíráàkì, kí ló ń wọ̀n?

Ẹ jẹ́ kí n ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan wà níbí tí wọn kò gùn ún rí. Ẹ ti rí katapílà tó ń la ọ̀nà nílé. Kò ní táyà. Irin tó so kọ́ra wọn ló fi ń wọ́. Bí ọ̀kadà yìnyín náà ṣe rí nìyẹn, àmọ́ rọ́bà ni tirẹ̀. Ski méjì, ohun pẹlẹbẹ gígùn tó ń yọ̀ lórí yìnyín, ló wà níwájú, òun lẹ fi ń darí rẹ̀. Lábẹ́ ìjókòó, rọ́bà fífẹ̀ kan yí po bíi bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta, eyín wà lára rẹ̀ ṣákaṣàka. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí rọ́bà yẹn, eyín yẹn ló ń gbá yìnyín sẹ́yìn. Òun ni à ń pè ní tíráàkì.

Ọ̀gbẹ́ni tó sọ ẹ̀rọ yìí di ohun ilé gbogbo ni Joseph-Armand Bombardier, ọmọ Valcourt ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, ọmọkùnrin rẹ̀ ṣàìsàn inú tó gba iṣẹ́ abẹ. Ọmọ náà kò ju ọdún méjì lọ. Yìnyín ti dí ọ̀nà, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé ọmọ dé ọsíbítù, ọmọ náà sì kú. Ọkùnrin yìí ti ń fi ẹ̀rọ orí yìnyín dánra wò láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀fọ̀ yẹn ó gbájú mọ́ ọn. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò ló kọ́kọ́ ṣe. Ó wá di ọdún 1959 kí kékeré tí ẹni kan lè gùn tó jáde, ìyẹn Ski-Doo. Wọ́n ní Ski-Dog ni ì bá máa jẹ́, pé àṣìkọ ló sọ ọ́ di Ski-Doo. Orúkọ tó bá ti mọ́ ọmọ lára, kò ní kọ̀ ọ́ mọ́.

Kí ló dé tí mo fi mú ìtàn yẹn wá? Ìṣòro Bombardier náà ni tiwa: báwo ni ohun tó wúwo ṣe máa gba orí ohun tó rọ̀ kọjá, tí kò ní rì?

Nísinsìnyí, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rí 137, ẹ rí 146, ẹ rí 154 tàbí 155, ẹ rí 165, ẹ rí 174 àti 175. Íǹṣì ni. Kí ni wọ́n fi íǹṣì yẹn wọ̀n? Ẹnì kan dáhùn lọ́hùn-ún pé gígùn ibi tó kan ilẹ̀ ni. Ẹ ṣeun, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àyíká rọ́bà náà ni, bí ìgbà tí télọ̀ bá fi tépù yí yín ní ìbàdí. Apá kan ń sáré lókè lábẹ́ ìjókòó, apá kan ń yípo níwájú àti lẹ́yìn, apá tó kù ló ń kan yìnyín. Torí náà, bí wọ́n bá fi íǹṣì mẹ́wàá kún tíráàkì, nǹkan bíi márùn-ún péré ló dé ilẹ̀. Márùn-ún yòókù wà lókè tó ń bá afẹ́fẹ́ ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíráàkì orí òkè fẹ̀ ní íǹṣì 15, àwọn mìíràn 16. Láti 155 sí 165, íǹṣì márùn-ún ló kún ilẹ̀. Márùn-ún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 75. Ẹ wo bébà tí mo mú dání yìí, bébà lẹ́tà lásán. Íǹṣì mẹ́jọ àtààbọ̀ ní ìbú, mọ́kànlá ní òró: ó lé ní 93. Ìyẹn ni pé àfikún tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín lé lórí kò tó bébà kan! Láti 146 sí 165, bébà kan ààbọ̀ ni.

Ṣé ẹ̀tàn ni wọ́n wá ń fi yín ṣe? Rárá o. Ẹ wọ inú ẹrẹ̀ lọ́wọ́ òjò, kí ẹ so pákó tó tó bébà kan mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni bí ó ti tó gan-an, kí ẹni tó ń tà má baà fi nọ́ńbà ńlá dẹ́rù bà yín.

Ọ̀rọ̀ kejì: irú yìnyín wo lẹ fẹ́ gùn?

Nílé, yìnyín ni èyí tó ń bá òjò já, tó ń dún paanu gbàgbàgbà, tí àwa ọmọdé ń sá jáde lọ ṣà jẹ. Orúkọ kan yẹn náà la gbé wá síbí, a sì fi ń pe ohun mẹ́wàá tó yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ ṣàlàyé, torí oúnjẹ ni kò ṣàjèjì sí wa.

Yìnyín àwọn òkè wa níbí ní Colorado, àti ti Utah, èlùbọ́ ni. Bí ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, ó ti lọ. Ní Utah, omi inú yìnyín tuntun jẹ́ nǹkan bíi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ ló kún ìyókù. Ẹ gbọ́ o: afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ gùn! Àmọ́ bí ẹ bá kọjá sí àwọn òkè Sierra Nevada ní California, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí, yìnyín ibẹ̀ ti di ẹ̀bà. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń pè é ní sìmẹ́ńtì. Ó wúwo, ó sì máa ń gbé èèyàn dúró. Ẹni tó fi 146 ṣeré lórí ẹ̀bà lọ́hùn-ún, tó bá gbé e wá sínú èlùbọ́ níbí lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ojú rẹ̀ á là.

Ojú tèmi ti là rí. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rà, 137 ni. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó mọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bíi ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi mẹ́káníìkì, ẹ́ńjìnnì ni mo gbọ́, n kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Rabbit Ears Pass, orí òkè kan ní Colorado níbí, lọ́jọ́ kejì tí yìnyín dá. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ́, mo ń fò bíi ẹyẹ. Mo wá rí pápá kan lápá ọ̀tún, funfun báláú, kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ní, ta ni mo fẹ́ fi èyí sílẹ̀ fún? Mo yà wọ̀ ọ́.

Kò gbà mí ní ogójì ìgbésẹ̀. Iwájú rẹ̀ gbéra sókè, ìdí rẹ̀ wọlẹ̀. Mo fún un níná sí i, torí ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí iná ń ṣe fún tíráàkì tó ti ń rì? Ó ń gbẹ́ kòtò ni. Rọ́bà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wa yìnyín sẹ́yìn bí ajá tó ń wa ilẹ̀, títí ó fi jókòó sínú ihò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, yìnyín mu mí dé àyà. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣọ́bìrì. Òógùn bò mí, nígbà tí mo dúró sinmi, òógùn yẹn di òtútù lára mi. Ọmọkùnrin òyìnbó kan tí kò tíì tó ogún ọdún ló gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lórí 155, ó yí mi po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá sọ̀ kalẹ̀ bá mi fà á. Yìnyín tó mu mí dé àyà náà ló ń gùn kiri bí ẹni tó ń gùn lórí tábìlì.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí ìbéèrè ọ̀gá mi. Ibo ni mo ń gbé e lọ? Ọ̀nà títẹ́ ni wọ́n ṣe 137 fún, inú èlùbọ́ ni mo gbé e lọ. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi.

Nǹkan kejì tó so mọ́ yìnyín ni gíga òkè. Òkè Ìdànrè tí a fi ń yangàn, orí rẹ̀ kò dé ibi tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ Denver wà, torí ẹsẹ̀ bàtà 5,280 ni Denver wà sókè òkun. Ìlú Grand Lake, lórí òkè níbí, lé ní 8,000. Rabbit Ears Pass jẹ́ 9,426. Vail Pass jẹ́ 10,662. Bí ẹ ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bíi tiwa. Bí ẹ bá gòkè ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò tó ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ ọn ń sọ nǹkan bíi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ nù. Ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 850 cc, tí wọ́n ní agbára ẹṣin 165 ni, tó bá dé 10,000, nǹkan bíi 115 ló kù. Àádọ́ta ẹṣin ti dúró sí ìsàlẹ̀!

Kí ni ìyẹn kan tíráàkì? Tíráàkì gígùn wúwo ju kúkúrú lọ, ó sì gba agbára láti yí. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ẹ gbé 165 sí lábẹ́, lókè lọ́hùn-ún, yóò rí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Bàtà náà dára, ẹsẹ̀ ni kò gbé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí Ski-Doo fi gbé ẹ̀rọ orí òkè wọn, Summit, tó ní tọ́bò jáde láti ilé-iṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ Polaris náà sì gbé ẹ́ńjìnnì Patriot Boost tẹ̀lé e. Tọ́bò ń fún afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì ní ipá, kí ẹṣin tó kù sílẹ̀ lè bá yín dókè. Owó rẹ̀ pọ̀ o. Mi ò ní kí ẹ má rà á.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ara yín, ọwọ́ yín

Ibi tí a ti máa jà díẹ̀ nìyí, torí ọ̀rọ̀ ìgbéraga ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ojú ti tì mí lórí 137, kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Mo tà á, mo lọ ra 174! Mo ní kò sẹ́ni tó máa tún fi mí rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó mi ra tirẹ̀ lọ́dún yẹn náà, ó ra 146. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì.

Ní oṣù Kejì yẹn, a wọ inú igbó páìnì kan lọ́wọ́ àárọ̀. Igi ibẹ̀ sún mọ́ra, ilẹ̀ sì dagun. Lórí pápá gbalasa, 174 mi ti ń ṣe bí ọba. Àmọ́ ẹ wo ohun tí gígùn ń ṣe: ohun tó gùn fẹ́ máa lọ tààrà. Ó ń dì mọ́ ọ̀nà tó bá ti ń tọ̀, bíi màlúù tó ti rí koríko. Kí ẹ tó lè dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ara yín jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ pátákó ìtẹsẹ̀, kí ẹ fi iná díẹ̀ sí i, kí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí àkókò kan náà. Ọwọ́ mi kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo rí igi níwájú, mo yí ọwọ́ sí òsì, ski méjèèjì yà sí òsì, tíráàkì ní òun kò lọ. Ski ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ kan igi náà. Mo gbọ́ "kà!", bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Orí mi wọ inú ẹ̀ka, gbogbo yìnyín orí igi yẹn dà sí mi lọ́rùn.

Ìyàwó mi dé. Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí i padà nínú àyè tí kò ju pálọ̀ wa lọ, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ṣé kí n bá yín wà á jáde?"

Mo dákẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ìyàwó mi kò ju 135 pọ́n-ùn lọ. Yìnyín tó ń rì mí kò mọ̀ pé ó wà lórí òun. 146 ti gbé e léfòó tán. Íǹṣì tó bá lé síbẹ̀, ẹrù ni yóò jẹ́ fún un. Èmi, pẹ̀lú bàtà, àkọ́tì, ṣọ́bìrì àti omi tí mo gbé sẹ́yìn, mo lé ní 250 pọ́n-ùn. 146 yóò rì mí bí 137 ti rì mí. Àmọ́ 174 béèrè ọwọ́ tí mi ò tíì ní. Ká ní mo gbọ́ràn ni, 155 ni ǹ bá rà. Òun náà ni mo padà rà. Mo gùn ún ọdún méjì gbáko kí n tó bọ́ sórí 165 tí mo ń gùn títí di òní.

Torí náà, kí ẹ tó wọn tíráàkì, ẹ kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Ẹ gùn ún pẹ̀lú gbogbo aṣọ òtútù yín àti báàgì yín lẹ́yìn, ẹ má gùn ún ní ìhòòhò bí ẹni tó ń purọ́ fún dókítà.

Ẹ ó ní kí n sọ ojú abẹ níkòó. Ó dáa. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Colorado níbí, tí ara yín kò fúyẹ́ jù tí kò wúwo jù, 154 tàbí 155 ni kí ẹ rà, ẹ má wo ọ̀tún ẹ má wo òsì. Bí ara yín bá fúyẹ́, tàbí tó bá jẹ́ pé àárín igi àti fífò ni ẹ fẹ́ràn, 146 yóò dùn mọ́ yín. Bí ẹ bá síngbọnlẹ̀ bíi tèmi, tí ọwọ́ yín sì ti mọ ẹ̀rọ, ẹ lọ sí 165. 174 àti 175 wà fún ẹni tó ní agbára ẹ́ńjìnnì tó pọ̀, tó ń gun ibi tó ga fíofío, tí yìnyín ibẹ̀ jìn. Mo mọ ẹni méjì péré nínú gbọ̀ngàn yìí tí ó yẹ. Mi ò ní nàka sí wọn. Ní ti 137, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀nà títẹ́.

Ọ̀rọ̀ eyín, ní ráńpẹ́

Eyín ara tíráàkì náà ní gígùn tirẹ̀. Ti ojú ọ̀nà kò ju íǹṣì kan lọ tàbí kó lé díẹ̀. Ti orí òkè máa ń jẹ́ méjì ààbọ̀ títí dé mẹ́ta. Eyín gígùn ń bu èlùbọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ má gbé e sáré lórí ọ̀nà tó ti le bí òkúta. Yìnyín tí tíráàkì ń fọ́n sókè ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára, òun náà ló ń fi omi sí ojú irin tí rọ́bà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, tí kò sí ohun tó ń fọ́n, iná wíwọ̀n-gbóná á tàn níwájú yín. Ẹ ra irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ha ilẹ̀ kí yìnyín lè máa fọ́n, kò wọ́n. Ó parí.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: tòkunbọ̀

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò ní ra tuntun. Èmi náà kò rà tuntun rí. Tòkunbọ̀ ló gbé wa dé ibi tí a dé.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò wa kan pè mí pé òun rí 163 kan, owó rẹ̀ wọlé. A jọ lọ. Ẹni tó ń tà á jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu ìjókòó, ó ní, "163 ni, ọ̀gá." Mo ní kò burú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ ṣọ́ọ̀kì, mo fi sàmì sí ara eyín kan. Mo fi tépù wọn àlàfo láti ìlà eyín kan sí èkejì: íǹṣì mẹ́ta géérégé. A gbé ìdí ẹ̀rọ náà sókè, a pa á, mo ń fi ọwọ́ yí rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, àbúrò ń kà sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ka mọ́kànléláàádọ́ta, ṣọ́ọ̀kì mi padà yọjú.

Mọ́kànléláàádọ́ta lọ́nà mẹ́ta, mélòó ni? 153!

Ọkùnrin náà ní ẹni tó tà á fún òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó ṣeé ṣe. Mi ò bá a jà. A ní kó dín owó rẹ̀ kù sí ti 153, ó dín in, a rà á. Àbúrò wa wà níbí, ó ń gùn ún, ó sì bá a mu ju 163 lọ. Ẹ mọ ọgbọ́n yẹn: iye ìlà eyín, ẹ fi àlàfo wọn ṣe ìlọ́po rẹ̀. Àlàfo yẹn kì í dọ́gba láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ. Òmíràn jẹ́ 2.86, òmíràn mẹ́ta, òmíràn mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kà. Bí ẹ bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá eyín kan ti ya tàbí ti ká.

Ẹnì kan máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè ra 146 kí n fà á gùn?" Ẹ lè fà á. Ẹ ó ra tíráàkì tuntun, ẹ ó ra àfikún fún irin ìsàlẹ̀, nígbà mìíràn ẹ ó fi kún pánẹ́ẹ̀lì tó bò ó lókè. Bí ẹ bá gbé owó rẹ̀ wá fún mi, màá gbà á. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n yín, mo ní kí ẹ ra èyí tó gùn tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí gígùn kò lè ṣe

Ẹ̀rín tó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú ojú kíkan.

Tíráàkì tó bá yín mu yóò gbé yín dé ibi tí ẹsẹ̀ yín kò lè gbé yín dé. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ibi tí òkè ti dagun ju dígírì 30 lọ, yìnyín lè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, odindi ẹ̀gbẹ́ òkè, kó bo èèyàn mọ́lẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti kọjá tí wọn kò tíì hú èèyàn jáde, ìrètí ti ń dínkù kánkán. Kò sí tíráàkì tó yára tó láti sá fún un. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, Colorado Avalanche Information Center ń sọ bí òkè ṣe rí lójoojúmọ́ nígbà òtútù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kà á kí ẹ tó so trailer tí ẹ fi ń fa ẹ̀rọ yín mọ́ ọkọ̀. Kí olúkúlùkù so ẹ̀rọ tó ń fi àmì ránṣẹ́ síra wọn mọ́ àyà, tí a fi ń wá ẹni tí yìnyín bò, kí ó ní ọ̀pá ìfiwádìí tí a fi ń gún yìnyín àti ṣọ́bìrì lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa gòkè lẹ́ẹ̀kan; kí àwọn tó kù dúró síbi tí yìnyín kò lè dé, kí wọ́n máa wò ó. Àbúrò mi, bí o bá ní owó 165 tí o kò ní owó ẹ̀rọ àyà, ra 155, kí o fi ìyókù ra ẹ̀rọ àyà.

Ìbéèrè

Bàbá kan béèrè pé ṣé tọ́bò lè dípò gígùn, kí òun ra 146 tó lágbára gan-an. Bàbá, ẹ rántí ajá tó ń wa ilẹ̀. Agbára ń yí tíráàkì, fífẹ̀ àti gígùn ló ń gbé e léfòó. Nínú yìnyín jíjìn, agbára tó pọ̀ lórí ẹsẹ̀ kúkúrú ń gbé imú ẹ̀rọ sókè, ìdí á máa gbẹ́ kòtò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa á fi ara rẹ̀ tì í síwájú, á sì la á já. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n gùn tó bẹ́ẹ̀? Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá kan béèrè bóyá òun lè gbé ọmọ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ orí òkè, ẹnì kan ni wọ́n ṣe é fún, ìyá mi. Ọmọ á da ìwọ̀n tí ẹ ti fara balẹ̀ wọ̀n rú, ẹ kò sì ní ráyè gbé ara yín jù sí ẹ̀gbẹ́. Ti ojú ọ̀nà tó ní ìjókòó méjì wà fún ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó sítòsí ilẹ̀kùn ní òun ti ra tòun lánàá, 165, pé ẹni tó tà á ló búra fún òun. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó wà níta? Ó ní ó wà lórí trailer. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tépù mi rèé, ṣọ́ọ̀kì mi rèé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn, ẹ fi fóònù sápò, ẹni méjì á bá wa gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, ẹ jẹ́ ká jáde lọ kà á.